Ta Ni Yóò Ṣọ́ Igbó? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Igbó Nílẹ̀ Ẹ̀gbá àti Káàkiri

Àdìrẹ ni gbogbo ayé mọ ọjà Ìtòkú mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé àwọn elégbòogi àti lẹ́kùúlẹ́jà náà ní ìsọ̀ tiwọn níbẹ̀. Ewé tútù wà, egbò gbígbẹ wà, èèpo igi sì wà. Irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, yálà ní Ìtòkú ni o tàbí ní ọjà mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, náà ni ènìyàn ti máa ń rí orí ẹyẹ, awọ ẹran, ìpẹ́ àti egungun. Inú igbó ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Láti ẹsẹ̀ igi títí dé orí àtẹ, kò sí ibi kan lójú ọ̀nà yẹn tí òfin kò sí, kò sì sí ibi tí kò yẹ kí òṣìṣẹ́ kan dúró sí. Ta ni òṣìṣẹ́ náà? Agbára wo ló ní? Kí ló dé tí òfin ń pọ̀ sí i nínú ìwé, tí ẹran sì ń tán nínú igbó?

Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti orí dé ìdí, ohun kan ló ń hàn. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọdẹ ló ń ṣe é kí ìjọba tó dé. Ìjọba gba igbó lọ́wọ́ ọdẹ, kò gba ọdẹ mọ́ igbó; ó fi ẹ̀ṣọ́ sínú igbó, kò mú ẹ̀ṣọ́ dé ọjà. Àlàfo méjèèjì yìí ni akíkà àti erin ń gbà lọ.

Ọdẹ nínú ìjọba Ẹ̀gbá

Ìtàn Ẹ̀gbá sọ fún wa pé àwọn ọdẹ ti ń gbé abẹ́ àpáta Olúmọ kí Ṣódẹkẹ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tó tẹ ìlú dó ní 1830. Nígbà tí ìlú fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́rin ni oyè pín sí: Ògbóni, Olórógun, Pàràkòyí àti Ọdẹ. Ògbóni ń ṣe ìdájọ́, Olórógun ń jagun, Pàràkòyí ń bójú tó ọjà. Àwọn Ọdẹ ní tiwọn ni ojú ìlú nínú igbó: àwọn ni wọ́n mọ ọ̀nà, àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ẹnubodè lóru, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mọ̀ bí ọ̀tá bá ń bọ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó jẹ́ ohun tí òyìnbó gbé wá kò tíì wo ètò ìlú tirẹ̀ dáadáa.

Èèwọ̀ náà sì ń ṣiṣẹ́. Igbó Orò wà tí ẹnikẹ́ni kì í gé igi inú rẹ̀. Ìdílé mìíràn wà tí kì í jẹ irú ẹran kan títí láé. Kò sẹ́ni tó gba owó oṣù lórí rẹ̀, síbẹ̀ igbó wọ̀nyẹn dúró.

Ó yẹ ká sọ òótọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ètò yìí ń ṣiṣẹ́, igbó pọ̀, ènìyàn kéré, ṣakabùlà tí ọdẹ ń fi ọwọ́ kì ló wà. Ọdẹ òde òní ní tọ́ọ̀ṣì alágbára lórí, ọ̀kadà lábẹ́, fóònù lápò, oníbàárà sì ń dúró dè é létí títì márosẹ̀. Èèwọ̀ nìkan kò lè dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ní ká padà sí ayé àtijọ́ láìfi nǹkan kún un ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Igbó di ti ìjọba

Ní 1887, Alfred Moloney tó ṣe gómìnà Èkó tẹ ìwé kan jáde lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Rọ́bà àti gẹdú ló gbà wọ́n lọ́kàn nígbà náà, nítorí owó ló wà ńbẹ̀. Nígbà tó di 1899, wọ́n ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, níbi tí odò Ògùn gbà kọjá. Ó wà lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ pátápátá ní Nàìjíríà. Igbó Omo tó wà ní Ìjẹ̀bú tẹ̀lé e. 1925 ni wọ́n kéde rẹ̀ ní gbangba. Omo fẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 130 hẹ́kítà lọ. Ní 1946 wọ́n ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, UNESCO sì gbà á wọlé ní 1977.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Olókèméjì tó yẹ kí gbogbo ẹ̀ṣọ́ igbó mọ̀. Ní 1929, àwọn onímọ̀ igbó pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n ń dáná sun apá kan lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Wọ́n ń sun èkejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́ parí, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ tán. Wọn kò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Lẹ́yìn bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n ka igi. Ibi tí iná kò dé ti di igbó dídí. Ibi tí wọ́n ń sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná ti di pápá, koríko ló gbà á. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá tanná sí igbó lóṣù kẹta nítorí àtilé ọ̀yà jáde kò pa ọ̀yà nìkan. Igbó gan-an ló ń pa. Ẹ̀ṣọ́ tó bá ká a mọ́ ibẹ̀ kó tó ṣáná ti ṣe ju ẹni tó mú ọdẹ mẹ́wàá lọ.

Lẹ́yìn iná, gẹdú ni iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ dá lé jù. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti gé igi yóò sanwó, ẹ̀ṣọ́ yóò lọ wo igi náà, yóò sì fi hámà ìjọba lu kùkùté àti ìtì. Àmì orí kùkùté gbọ́dọ̀ bá tara ìtì mu. Bí ọkọ̀ agbégi bá dé ibi àyẹ̀wò láìní àmì, tàbí bí kùkùté bá wà nínú igbó tí kò ní àmì lórí, a jẹ́ pé olè ti wọlé. Ètò tó rọrùn ni. Ọwọ́ ẹni tó mú hámà dání ló kù sí. Bó bá fi lu ohun tí kò yẹ, igbó ti lọ, ìwé sì mọ́ tónítóní.

Ta ló ní àṣẹ lórí kí ni?

Àwọn aráàlú sábà máa ń rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹni tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé nínú igbó. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn. Abẹ́ wọn ni Olókèméjì, Omo, Arákàngà tó wà ní Abẹ́òkúta níhìn-ín àti àwọn igbó ọba yòókù wà. Òṣìṣẹ́ ọgbà ẹranko àpapọ̀ wà lábẹ́ National Park Service, tí òfin 1999 gbé kalẹ̀ ní ipò tó wà yìí. Ó ń gbé ìbọn, ó lè mú ènìyàn, àjọ náà sì lè pe ẹjọ́. Ọgbà tó sún mọ́ wa jù ni Old Oyo National Park, tó di ọgbà àpapọ̀ ní 1991, tó sì fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọgbà mẹ́wàá mìíràn, gbogbo rẹ̀ wá di mẹ́tàdínlógún. Oba Hill ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára wọn. NESREA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ló ń mú òfin àyíká àti òfin ẹranko tó wà nínú ewu ṣẹ. Kọ́sítọ́ọ̀mù ló dúró ní èbúté àti ẹnubodè. Ọlọ́pàá ló ń gba ẹni tí wọ́n mú sí àhámọ́. Nigerian Conservation Foundation (NCF), tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, kì í ṣe ìjọba, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ ní Omo.

Odò Ògùn tó ń kọjá lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá gba inú Old Oyo National Park wá, ó gba Olókèméjì, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀ṣọ́ ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́ ọ lókè, ti ìpínlẹ̀ ń ṣọ́ ọ ní agbedeméjì. Nígbà tó bá dé Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tí a lè nawọ́ sí pé òun ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó da májèlé Gamalin sódò láti fi pa ẹja, ọwọ́ ta ni yóò tẹ̀ ẹ́? Bí ẹjọ́ bá ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kì í pẹ́ tí kò fi ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Òfin tó kọ́kọ́ rọ̀, tó wá ń le

Ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nàìjíríà kò ṣaláìní òfin. Ọdún 1973 ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn CITES lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1974, a sì wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ní 1985 ìjọba ológun ṣe òfin lórí òwò ẹranko tó wà nínú ewu. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ìtanràn ẹni tó bá kọ́kọ́ rú u lórí àwọn ẹran tí òfin náà ká mọ́ jù lọ. Owó gidi ni nígbà náà. Nígbà tí yóò fi di ìgbà tiwa, kò tó owó abọ́ oúnjẹ kan. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀ṣọ́ á fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, á mú ọ̀daràn dé iwájú adájọ́, ọ̀daràn á san owó náà, á sì ṣáájú rẹ̀ padà sínú igbó.

Ní 2016 wọ́n tún òfin náà ṣe, ìtanràn di mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ní 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì l'Ábújá fọwọ́ sí àbádòfin tuntun tó gbé ìtanràn dé mílíọ̀nù 12 náírà àti ẹ̀wọ̀n dé ọdún mẹ́wàá. Mo fara mọ́ ọn pé kí òfin le. Ṣùgbọ́n bí òfin bá le tí kò ya ọlọ́jà ńlá sọ́tọ̀ lára baba arúgbó tó gbé ìkarahun ìjàpá sórí àtẹ, baba arúgbó ni ọwọ́ yóò máa tẹ̀, nítorí òun ló rọrùn láti rí.

Ìwọ̀n ohun tó ń lọ kọjá ti Ìtòkú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹrin 2019, Singapore gba ìpẹ́ akíkà tó lé ní tọ́ọ̀nù 25 nínú ẹrù méjì tó wá láti Nàìjíríà. Akíkà ni ẹranko onípẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí ẹ̀rù bá bà á. Kò ní eyín, kò lè sáré, èèrà àti ikán ló ń jẹ. Ní oṣù keje 2021, kọ́sítọ́ọ̀mù gba ìpẹ́ rẹ̀ tó lé ní tọ́ọ̀nù 17 l'Ékòó. Kì í ṣe inú igbó tiwa nìkan ni gbogbo ìyẹn ti wá. Ilẹ̀ wa ti di ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà kọjá sí Éṣíà. Ní 2023 NESREA dáná sun tọ́ọ̀nù mẹ́rin ìpẹ́ akíkà, ní oṣù kìíní 2024 wọ́n sì fọ́ tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ eyín erin l'Ábújá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n sun, ẹran tó ti kú ni. Kọ́sítọ́ọ̀mù ń mú ẹrù. Ẹ̀ṣọ́ igbó nìkan ló lè mú kí ẹran ṣì wà láàyè.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí

Ẹsẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń wo ilẹ̀: ipa bàtà, páálí ọta ìbọn, eérú iná alẹ́ àná, igi tí wọ́n ṣẹ́ láti fi ṣàmì ọ̀nà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni okùn. Wáyà ìjánu ọ̀kadà tó ti gbó ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á tẹ igi kékeré kan ba, wọ́n á so wáyà mọ́ ọn, wọ́n á fi ewé bò ó lójú ọ̀nà tí ẹtu ń gbà lọ mumi. Wáyà kò mọ aboyún, kò mọ ọmọdé. Ọdẹ tó dẹ ogójì okùn lè gbàgbé mẹ́wàá nínú wọn, ẹran tó bá kó sí i yóò jẹrà síbẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni lóore. Ẹ̀ṣọ́ tó mọ iṣẹ́ kì í kàn fà á tu. Á ya àwòrán rẹ̀, á fi fóònù mú ibi tó wà gan-an, á kọ ọjọ́ àti wákàtí, kó tó gé e. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, àwòrán ilẹ̀ yóò fi ibi tí àwọn ọdẹ ń gbà wọlé hàn án.

Bó bá pàdé ènìyàn, iṣẹ́ yí padà. Á sọ ẹni tí òun jẹ́, á gba ìbọn, á ka ọta, á kọ ohun gbogbo sílẹ̀ lójú ẹni náà. Láti ìgbà yẹn ni agogo ti ń lù. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé ẹni tí a mú gbọ́dọ̀ dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà, tàbí ọjọ́ méjì bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wà nínú ọgbun igbó, tí kò ní ọkọ̀, tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ mú ẹlẹ́ṣẹ̀ jáde kó tó wá mọ́tò. Ẹran tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ti máa rùn. Bí kò bá ya àwòrán tó péye, tí kò sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kó tó sin ẹran náà, agbẹjọ́rò ọ̀daràn yóò béèrè nílé ẹjọ́ pé, "Ẹran wo lẹ ń sọ?" Ẹjọ́ á dà nù. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ igbó ló ń kú báyìí, kì í ṣe nítorí pé ẹ̀ṣọ́ sùn lọ, bí kò ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìwé tó wà nínú iṣẹ́ igbó.

Ẹ̀kọ́ náà sì wà nítòsí. FUNAAB ní Àlàbàtà ń kọ́ni ní ìmọ̀ igbó àti ẹranko, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sì wà ní New Bussa láti 1978 tí iṣẹ́ àbójútó ẹranko igbó ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Àwọn tó jáde níbẹ̀ pọ̀. Àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ló kéré.

Ewu inú rẹ̀

Ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lágbàáyé ń ka orúkọ àwọn tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje ọdọọdún, wọ́n sì máa ń ju ọgọ́rùn-ún lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ní ilẹ̀ Benin tó múlé tì wá, wọ́n jí àlejò Faransé méjì gbé ní ọgbà ẹranko Pendjari ní 2019, wọ́n sì pa ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ní oṣù kejì 2022, wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú ọgbà ẹranko tí wọ́n ń pè ní W. Àwọn agbébọn ti rí i pé ibi tí ẹ̀ṣọ́ kò tó ni ibi ìsápamọ́ tó dára jù.

Ìyẹn ló mú kí ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù karùn-ún 2025 pé òun yóò gba ẹ̀ṣọ́ igbó 130,000 láti ṣọ́ igbó 1,129 káàkiri Nàìjíríà. Ìpinnu tó tóbi ni, ó sì bá àsìkò mu. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ojú sílẹ̀ wò ó. Ajínigbé ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti lé ajínigbé kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀yà tí òfin kò dí lọ́nà àti akíkà tí òfin dè mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìbọn fún un láìkọ́ ọ, ebi yóò pa á nínú igbó lọ́jọ́ kan, ìbọn á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí òfin ẹranko àti lórí bí a ṣe ń kó ẹ̀rí jọ yóò sọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣọ́ lápapọ̀.

Ní Omo, ewu náà tún gba ibòmíràn wá. Erin igbó ṣì wà níbẹ̀, irú erin tí àwọn onímọ̀ kéde ní 2021 pé ó ti wà ní bèbè ìparun pátápátá. Kò tó 400 erin tí wọ́n fojú díwọ̀n pé ó kù ní gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí àgbẹ̀ àti agégi bá gba igbó wọn, wọ́n á jáde wá sínú oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó lọ bá àgbẹ̀ tí erin jẹ oko rẹ̀ tán lóru, tó sì ní kó má fọwọ́ kan erin, gbọ́dọ̀ ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ju òfin lọ. Bí kò bá sí owó gbà-má-bínú fún àgbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ di ọ̀tá abúlé, ẹni tó bá sì jẹ́ ọ̀tá abúlé kò ní gbọ́ ìròyìn kankan mọ́.

Ibi ìgbafẹ́

Ibi tí àwọn ènìyàn ń lọ gbafẹ́ náà ń fẹ́ ẹ̀ṣọ́. Olúmọ, tó gbójú wo Ìtòkú, di ibi ìgbafẹ́ ní 1976, wọ́n sì tún un ṣe ní 2006. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò le púpọ̀: kí àlejò má ṣubú, kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ sí ara àpáta, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ojúbọ. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ló yẹ ká wò dáadáa. Ìjọba fi í ṣe ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO gbà á ní 2005. Wọn kì í dẹ̀gbẹ́, wọn kì í pẹja, wọn kì í gégi níbẹ̀, ọ̀bọ sì ń rìn láàárín ènìyàn láìbẹ̀rù. Òfin wà, òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà, àwọn àwòrò wà. Kò sí èyí tó ń dá ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa góòlù lójú odò lókè ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ kan nínú igbó náà tó lè mú wọn. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dára tó, ààlà rẹ̀ ló lè ṣọ́.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe

Ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní game warden ní agbára ọlọ́pàá. Ní Texas, ọlọ́pàá ni wọ́n jẹ́ lábẹ́ òfin. Ohun tó yẹ ká kọ́ lára wọn ni ibi tí owó ti ń wá. Láti 1937, ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ń gba owó orí, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí ìbọn gígùn àti ọta, ó sì ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀ fún ìtọ́jú ẹranko. Owó ìwé àṣẹ ọdẹ náà ń wọlé. Ọdẹ ló ń bọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọdẹ, nítorí bẹ́ẹ̀ ọdẹ gan-an kì í fẹ́ kí ẹran tán.

Ní Benin, àwọn ará abúlé tó yí Pendjari ká ní ẹgbẹ́ tiwọn, AVIGREF, tó ń bá ọgbà náà ṣiṣẹ́, tó sì ń pín nínú owó tó ń wọlé. Ní ọgbà ẹranko Yankari, Ìpínlẹ̀ Bauchi, àjọ WCS (Wildlife Conservation Society) bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ lẹ́yìn ní 2014. Wọ́n kọ́ wọn, wọ́n fún wọn ní rédíò, wọ́n ń tọpa ibi tí wọ́n ń rìn dé. Pípa tí wọ́n ń pa erin nípakúpa dáwọ́ dúró níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yankari kì í ṣe ibi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ tí ewu jìnnà sí.

Ní Omo tiwa, lára àwọn ẹ̀ṣọ́ NCF, ọdẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti dẹ okùn fún ọdún pípẹ́ mọ ibi tí ẹlòmíràn yóò dẹ ẹ́ sí. Ó mọ orúkọ àwọn tó ń wọlé, ó mọ ilé wọn, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò gbọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìjọba ní òfin, ọdẹ ní igbó. Kò sí èyí tó lè dá a ṣe.

Ohun tó yẹ ká ṣe nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Èkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ fa ẹgbẹ́ ọdẹ wọlé ní ojútáyé. Kí gbogbo ọdẹ tó forúkọ sílẹ̀ ní ìwé àṣẹ, kí orúkọ ẹran tó lè pa àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wà nínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán. Nínú wọn ni kí wọ́n ti mú àwọn tí wọn yóò gbà síṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù gidi, ìwòsàn, àti owó fún ìdílé bí ikú bá dé lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń gba àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun, ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ tó mọ igbó ni kó kọ́kọ́ jókòó, kì í ṣe ọmọ ẹni tó mọ ẹnìkan.

Èkejì, kí ìṣọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹ̀ṣọ́ tó bá já wọ Ìtòkú lójijì tó ń kó ẹrù ènìyàn, ìjà ni yóò bá padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú Ìyálọ́jà, pẹ̀lú olórí àwọn lẹ́kùúlẹ́jà àti àwọn oníṣègùn, tó fún wọn lásìkò, yóò rí ìyàtọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ igún. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ ti kéde pé igún tiwa yìí wà ní bèbè ìparun, oògùn ni wọ́n sì ń fi ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe. NCF ti ń bá àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ lórí ewé àti egbò tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Oníṣègùn tó gbà láti fi ewé rọ́pò orí igún ti dá ẹran sí ju ẹ̀ṣọ́ mẹ́wàá lọ, nítorí òun ló ń pe ẹran náà wá sọ́jà. Sísin ọ̀yà nílé náà yóò dín ẹrù kù lórí ẹran ìgbẹ́ fún àwọn tó ń tà á létí títì.

Ẹ̀kẹta, kí adájọ́, agbẹjọ́rò ìjọba, ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ gba ẹ̀kọ́ pọ̀ lórí bí a ṣe ń gbé ẹjọ́ ẹranko. Ẹjọ́ kan tó parí dáadáa ní Abẹ́òkúta, tí àwọn ènìyàn gbọ́, yóò ṣiṣẹ́ ju ogún ìkéde lórí rédíò lọ. Kí ọwọ́ òfin sì kọ́kọ́ gbéra sí ẹni tó ń kó ìpẹ́ jọ ní àpò-àpò.

Ẹ̀kẹrin, kí owó igbó padà sínú igbó. Owó hámà, owó ìwé àṣẹ gẹdú, owó ẹnu ọ̀nà àwọn ibi ìgbafẹ́: bí ìpín kan pàtó nínú rẹ̀ bá ń lọ sí owó oṣù ẹ̀ṣọ́ àti owó gbà-má-bínú àgbẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, a ó mọ̀ bóyá òótọ́ là ń ṣe.

Àwọn tó dá Abẹ́òkúta sílẹ̀ fi ọdẹ sínú ìgbìmọ̀ ìlú nítorí wọ́n mọ̀ pé ìlú kò lè dúró bí igbó ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá ní olùṣọ́. Àwa fi ẹ̀ṣọ́ sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn iṣẹ́ ọba, a fún un ní aṣọ láìfún un ní bàtà, a sì ń bi í pé níbo ni ẹran wà. Ìdáhùn sí ìbéèrè pé ta ni yóò ṣọ́ igbó kò ṣòro: ọdẹ tó gba ẹ̀kọ́ àti owó oṣù, tí adájọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ọlọ́jà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ẹni yìí wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá lónìí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ní àṣẹ láti pè wọ́n jókòó sójú kan, àwa aráàlú la sì ní ẹ̀tọ́ láti máa béèrè títí tí yóò fi pè wọ́n.